Sẹ́ẹ̀lì Akóníjàánu: Iṣẹ́ Wọn Nínú Ọpọlọ Ọmọ Tó Ń Dàgbà

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òbí àti olùkọ́ sọ ní Adó-Èkìtì)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́. Gbogbo wa la mọ òkè Èfọ̀n-Alààyè. Awakọ̀ tó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, búréèkì ló máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọpọlọ náà ní búréèkì tirẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì tí ń gbé iṣẹ́ ránṣẹ́ nínú ọpọlọ àgbàlagbà tó bílíọ̀nù 86. Èyí tó pọ̀ jù nínú èèpo ọpọlọ ló ń ru ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sókè. Bí ọ̀kan nínú márùn-ún ló ń sọ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé, "Rọra." Àwọn yìí ni mo pè ní akóníjàánu. Kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ ni GABA, tí àwọn onímọ̀ rí nínú ọpọlọ ní 1950. Bí agbára wọn bá dínkù, ìrusókè á ràn láti sẹ́ẹ̀lì dé sẹ́ẹ̀lì bí iná inú ọyẹ́, wárápá á sì dé.

Àmọ́ iṣẹ́ wọn ju búréèkì lọ. Wọ́n wà lára àwọn tó kọ́ ọpọlọ náà bí ẹni kọ́lé.

Ìsàlẹ̀ ọpọlọ ọmọ inú oyún ni a ti bí ọ̀pọ̀ wọn, wọn á sì rìn jìnnà kí wọ́n tó dé èèpo ọpọlọ, bí ẹni tó fẹsẹ̀ rìn láti Ọ̀tùn dé Ìkẹ́rẹ́ kó tó rí ibi kọ́lé sí. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ní ìgbà yẹn, GABA kì í dáni dúró, ṣe ló ń runi sókè! Yehezkel Ben-Ari àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ló fi èyí hàn ní 1989. Kulóráìdì, tó wà nínú iyọ̀ tí à ń jẹ, ló fà á: ó pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì ọmọ inú oyún. Bí ọmọ ti ń dàgbà, sẹ́ẹ̀lì á máa tú u dà síta, GABA á sì di ìjánu.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ojú. David Hubel àti Torsten Wiesel, tí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 1981, rán ìpéǹpéjú kan pa fún ọmọ ológbò. Nígbà tí wọ́n tú u, ẹyinjú kò ní àbùkù, àmọ́ ọpọlọ ti kẹ̀yìn sí i; ojú kejì ti gba ilẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ṣe é fún àgbà ológbò, kò ṣe é ní nǹkan kan. Ìgbà èwe ní ilẹ̀kùn tirẹ̀: bó bá ṣí sílẹ̀, ohun tí ojú ń rí lè yí ọpọlọ padà.

Ta ló ń ṣí i? Ní 1998, Takao Hensch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo eku tí GABA rẹ̀ kò tó. Wọ́n pa ojú rẹ̀ kan dé ní ìgbà èwe, ọpọlọ rẹ̀ kò yí padà rárá. Wọ́n wá fún un ní diazepam, oògùn kan tó ń ti GABA lẹ́yìn, ilẹ̀kùn sì ṣí. Ẹni tó bá wà láàárín ariwo ọjà Ọba kì í gbọ́ ẹni tó ń pè é. Akóníjàánu ló ń pa ariwo náà lẹ́nu mọ́, kí ọpọlọ lè mọ ohùn tó yẹ kó gbọ́.

Diazepam yìí kan náà ni a máa ń fún ọmọ tí gìrì kò tíì fi sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Nítorí Ọlọ́run, ẹ má ki ẹsẹ̀ ọmọ bọ iná, ẹ má rọ ìtọ̀ màálù sí i lẹ́nu. Ẹ dà á dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí àárín dúdú ojú ọmọ ìkókó bá sì funfun, ẹ tètè gbé e wá, kí ọpọlọ má baà kẹ̀yìn sí ojú náà bíi ti ọmọ ológbò yẹn; ẹ má dúró de ìgbà tí yóò dàgbà. Ọ̀sẹ̀ là ń kà níbẹ̀, kì í ṣe ọdún.

Ìyá kan wá béèrè pé, "Dókítà, tí ilẹ̀kùn bá ti tì ńkọ́?" Mo ṣàlàyé fún un pé akóníjàánu kan máa ń hun àwọ̀n yí ara rẹ̀ ká bí ọmọ ti ń dàgbà, àwọ̀n náà ló ń jẹ́ kí nǹkan dúró sójú kan. Ní 2002, àwọn onímọ̀ ní Ítálì tú àwọ̀n yìí nínú ọpọlọ àgbà eku, ilẹ̀kùn náà sì tún ṣí. Fún ọmọ ènìyàn, a máa ń bo ojú tó ríran dáadáa fún wákàtí mélòó kan lójúmọ́, kí ọpọlọ lè padà sọ́dọ̀ èyí tó ti pa tì. Ọmọ kékeré ló ń jèrè rẹ̀ jù. Mo bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni tirẹ̀. Ó ní ọdún mẹ́ta. Mo ní, "Ìyá, ẹ gbé e wá lọ́jọ́ Ajé."