Bí ọmọ ọdún 12 sókè tó ní asthma ò ṣe ní máa pa ínhélà ẹ̀ tì

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin òbí wa. Nọ́ọ̀sì ni mí. Ẹ wo ínhélà méjì tó wà lọ́wọ́ mi yìí, oògùn asthma tá a máa ń fà sínú àyà ni. Búlúù, salbutamol nìyẹn, ìgbà tí àyà bá há la máa ń fà á. Búráùn yìí (tiyín lè láwọ̀ míì o) ló ń jẹ́ kí ọ̀nà èémí tó wú fà sẹ́yìn, ojoojúmọ́ ni, kódà kára ọmọ le koko. Wàhálà ibẹ̀ ni pé búlúù, kíá lara máa fúyẹ́, ṣùgbọ́n búráùn lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó hàn dáadáa, lọmọ bá ní kò ṣe nǹkan kan, ó jù ú sí dúrọ́ọ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ má pariwo. Ẹ bi í pé kí ló dé gan-an. Ọ̀pọ̀ wọn, ojú ló ń tì wọ́n níléèwé, wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Ẹ wá sọ fún un pé búráùn ò ní kúrò nílé rárá, àárọ̀ àti alẹ́ ni, búlúù nìkan ló máa wà nínú àpò ẹ̀. Ẹ máa rí i bójú ẹ̀ ṣe máa yí padà.

Ìkejì, inú kọ́ọ̀bù búrọ́ọ̀ṣì ni kí búráùn máa gbé. Kó fà á kó tó fọ eyín, torí tó bá ti fọ eyín tó fomi yọ ẹnu, tó tu omi ẹ̀ dànù, oògùn ò ní dúró lẹ́nu tí nǹkan funfun á fi hù síbẹ̀.

Ó yá, ọmọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ báyìí. Gbọ̀n ọ́n dáadáa. Mí síta tán. Fi ètè dì í pinpin, bẹ̀rẹ̀ sí í fà á sínú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, má dúró, fà á lọ títí àyà á fi kún, di èémí mú, ka 1 dé 10. Tó o bá rí èéfín funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ètè, oògùn ló ń ṣòfò yẹn. Tó bá ku ìkejì, sinmi bí ìṣẹ́jú kan, tún un gbọ̀n. Sípésà, ìyẹn ike tó ṣófo nínú tá a máa ń fi sẹ́nu ínhélà ká tó fà á, ló dáa jù, tówó ẹ̀ bá sì wọ́n, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì fi ike omi 500ml ṣe é fún yín, ó ń ṣiṣẹ́ gidi.

Ẹ má jù ú sómi láti mọ̀ bóyá ó ti tán o, irọ́ ni, tó bá ní nọ́ńbà tó ń ka iye tó kù lára, òun ni kẹ́ ẹ wò. Tó bá sì ń fa búlúù ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀, ẹ kó méjèèjì dání lọ bá dókítà, kí ọmọ fúnra ẹ̀ fà á níwájú wọn, kó sì fẹnu ara ẹ̀ dáhùn.