Àdán wọlé lóru: ẹ má tíì lé e jáde o

Ẹ kú ìjókòó o. Tá a bá ti gbọ́ dìgbòlugi, ajá ló máa ń wá sí wa lọ́kàn, a ò sì jayò pa, torí nínú èèyàn 100 tí dìgbòlugi ń pa lágbàáyé, nǹkan bíi 99 ló jẹ́ pé ara ajá ni wọ́n ti kó o. Àmọ́ ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti fi àjẹsára kápá ti ajá, àdán ló kù tó ń pa wọ́n jù, kì í sì í ṣe pé wọ́n lọ wá a nínú ihò àpáta o, orí bẹ́ẹ̀dì ló ti bá ẹlòmíì. Ní Yúróòpù, Ọsirélíà àti Áfíríkà, ìbátan fáírọ́ọ̀sì tó ń fa dìgbòlugi ló wà lára àdán, òun náà ti pa èèyàn rí.

Ohun tí gbogbo wa máa kọ́kọ́ ṣe ni pé ká ṣí fèrèsé, ká mú ìgbálẹ̀, kó ṣáà ti jáde. Ìyẹn dáa tó bá jẹ́ pé ojú yín là sílẹ̀ látìgbà tó ti wọlé, tí ò fara kan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá jí tẹ́ ẹ rí i nínú yàrá, tàbí ọmọ ìkókó lẹ bá a lọ́dọ̀ ẹ̀, tàbí ẹni tó mutí yó, ẹ dákun ẹ má jẹ́ kó lọ, òun nìkan ni ẹlẹ́rìí tẹ́ ẹ ní. Eyín àdán kéré gan-an, ó lè bù yín jẹ kẹ́ ẹ má jí, tó bá fi máa dàárọ̀ ẹ lè má rí ojú egbò kankan, torí náà "mo ti wo ara mi, kò sí nǹkan kan" kì í ṣe ìdáhùn.

Ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ aláwọ tó nípọn, ẹ ní sùúrù kó bà sára ògiri, kẹ́ ẹ wá fi ike dé e mọ́bẹ̀, ẹ rọra ti páálí bọ abẹ́ ẹ̀, ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́, ẹ pe àwọn elétò ìlera. Ẹ má là á nígi lórí o! Ọpọlọ ẹ̀ ni wọ́n máa yẹ̀ wò ní láàbù. Tó bá kú, ẹ wé e dáadáa sínú ọ̀rá, fíríìjì lẹ máa gbé e sí, kì í ṣe fírísà (mo mọ̀ pé ó ń ríni lára).

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àdán tí wọ́n ń yẹ̀ wò ò ní dìgbòlugi, ní Amẹ́ríkà nǹkan bíi 6 nínú 100 ló ń ní in. Tí èsì bá ti ní kò sí, ẹ ò nílò abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń dènà ẹ̀ mọ́ nìyẹn.

Lọ́dún 2021, bàbá kan tó ti lé lẹ́ni 80 ọdún ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà jí, ó bá àdán lọ́rùn ara ẹ̀. Wọ́n yẹ àdán náà wò, ó ní dìgbòlugi, wọ́n ní kí bàbá wá gba abẹ́rẹ́, bàbá kọ̀. Nígbà tó fi máa tó oṣù kan, ọrùn ń dùn ún, orí ń fọ́ ọ, ìka ń kú tipiri, ọ̀rọ̀ sísọ dogun, ó sì kú. Fáírọ́ọ̀sì yìí máa ń gba inú iṣan ìmọ̀lára rọra lọ sí ọpọlọ ni, ó sábà máa ń tó oṣù kan sí mẹ́ta, àlàfo yẹn ni abẹ́rẹ́ fi ń ráyè ṣiṣẹ́. Tí àmì bá ti jáde, ẹ̀pa ò fẹ́rẹ̀ẹ́ bóró mọ́.

Tó bá bù yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Abẹ́rẹ́ ìsinsìnyí kì í ṣe ti ikùn mọ́, apá ni, ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, pẹ̀lú òmíì tí wọ́n ń gún yí ojú egbò ká lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ẹnìkan bi mí pé ṣé a ò ń bẹ̀rù jù. Kò parọ́, látọdún 2009 ni Kánádà ti ní pé ẹni tó kàn sùn sí yàrá kan náà, tí ò sí àmì pé àdán fara kàn án, kò nílò abẹ́rẹ́. Amẹ́ríkà ní kí dókítà ṣì yẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀ wò. Èmi ò bá Kánádà jà, àmọ́ tí àdán bá ti wà lọ́wọ́, àríyànjiyàn kí là ń ṣe, ẹ gbé e lọ láàbù.

Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹ̀ kì í kó dìgbòlugi ranni. Tó bá jẹ́ ológbò yín ló gbé e sẹ́nu wọlé, dókítà ẹran ni kẹ́ ẹ pè, kódà kó ti gba àjẹsára.