Òkúta Tí Mósè Jókòó Lé

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa. Ṣé a jí ire? Ọpẹ́ ni fún Ẹni tó jí wa.

Bíbélì kíkà: Ẹ́kísódù 17, ẹsẹ 8 sí 13.

Ní Sátidé, ọjọ́ 26 oṣù kẹta ọdún 2022, mo wà nínú gbọ̀ngàn O2 ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí Phil Collins àti ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì rẹ̀, Genesis, ti ṣeré ìkẹyìn wọn. Àrùn kòrónà ti sún ètò náà síwájú, ó tún sún un. Tíkẹ́ẹ̀tì mi pẹ́ lọ́wọ́ mi débi pé etí rẹ̀ ti ká. Mo mọ̀ pé àwọn kan á bi mí pé kí ni ọmọ Ọlọ́run ń wá níbẹ̀. Ẹ ṣe sùúrù fún mi. Orin wọn wà lára ohun tí mo fi dàgbà, ohun tí mo sì rí lálẹ́ ọjọ́ náà kò tíì kúrò lọ́kàn mi títí di òní.

Iná kú, àwọn èèyàn hó yèè. Ẹni tí gbogbo wa ń dúró dè wá yọ, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó ń gbẹ́sẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò fọkàn tán ilẹ̀ tó ń tẹ̀. Ó dé ibi àga tí wọ́n gbé síwájú ìtàgé, ó rọra jókòó, ó fi ọ̀pá sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fa máìkì mọ́ra. Orí ìjókòó yẹn ló ti kọrin. Ẹni ọdún 71 ni.

Ọmọ ọdún 5 ni nígbà tí wọ́n fún un ní ìlù ìṣeré. Ní 1970, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 19, ó wọ ẹgbẹ́ náà. Ìlù ló wá lù, kò wá kọrin. Ìgbà tí Peter Gabriel tó ń kọrin fún wọn kúrò ní 1975, tí wọ́n wá akọrin títí tí wọn ò rí èyí tó tẹ́ wọn lọ́rùn, ni onílù bọ́ síwájú. Ní ọjọ́ 13 oṣù keje ọdún 1985, ó kọrin ní Lọ́ńdọ̀nù, ó wọ bàálù Concorde, ó sì tún kọrin ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà lọ́jọ́ kan náà. Ẹ ò rí agbára! Nígbà tó yá, eegun ọrùn rẹ̀ yẹ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní 2009, ọwọ́ kò sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Nígbà tó ń ṣe àwo kan tó jáde ní 2010, ńṣe ni wọ́n so ọ̀pá ìlù mọ́ ọn lọ́wọ́ kó tó lè lù ú.

Ta ló wá ń lùlù lẹ́yìn rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà? Nic ni, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ogún ọdún. Láti 2017 ló ti ń lùlù fún bàbá rẹ̀, nígbà tí kò ju ọmọ ọdún 16 lọ. Ó dé ibì kan tí ìlù gbóná, òógùn ti lẹ irun mọ́ ọmọ náà níwájú orí. Bàbá yíjú sẹ́yìn lórí àga, ó ń mirí tẹ̀lé e, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó rántí wa. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. N ò mọ̀ pé màá fi ojú mi rí i báyìí. Omi bọ́ lójú mi.

Ohùn rẹ̀ kò sì gòkè bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti sọ orin kalẹ̀ fún un. Ibi tí kò bá dé, àwa èrò là ń bá a gbé e. Peter Gabriel pàápàá wà láàárín èrò. Kò gun orí ìtàgé, ó ṣáà wá.

Nínú ibi tí a kà, Ísírẹ́lì ń bá Ámálékì jagun: bí Mósè bá gbé ọwọ́ sókè, Ísírẹ́lì a borí; bó bá sọ ọ́ kalẹ̀, Ámálékì a borí. Àwa tí a ń wàásù, a máa ń yára dé ọ̀dọ̀ Áárónì àti Húrì tí wọ́n bá a gbé ọwọ́ ró. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbi òkúta. Ọwọ́ Mósè wúwo. Ẹni tó ti lé ní 80 ọdún ni, nítorí ọdún 80 ló wà nígbà tó dúró níwájú Fáráò. Kí wọ́n tó gbé ọwọ́ rẹ̀ ró, òkúta ni wọ́n kọ́kọ́ gbé sábẹ́ rẹ̀, ó sì jókòó. Ẹnikẹ́ni kò ní kó sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Jóṣúà tó jẹ́ ọ̀dọ́ ń jà nísàlẹ̀, àgbà jókòó lókè, ogun kan náà ni wọ́n sì jọ ń jà.

Ará, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti bá èmi gan-an wí. Nínú ìjọ tí mo wà nígbà náà, bàbá kan ń tẹ dùùrù fún wa. Ìka wọn ti ń gbọ̀n, wọ́n a máa ṣi ohùn tẹ̀. Èmi ni mo dìde nípàdé tí mo ní kí bàbá lọ máa sinmi. Wọ́n ní ó dáa. Wọ́n pa dùùrù dé, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ nu eruku orí rẹ̀, wọ́n lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé orin wo ni ọwọ́ wọn ṣì ká. Kò sẹ́ni tó fi ọmọdé kan jókòó tì wọ́n. Inú ọkọ̀ ojú irin tí mo wọ̀ kúrò ní O2 ni mo ti rántí àtẹ́lẹwọ́ yẹn, n ò sì sùn dáadáa mọ́jú.

Ọjọ́ Ìsinmi ló mọ́. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá. Wọ́n fà mí dìde, wọ́n ní, “Èwo nínú àwọn ọmọ ló máa kọ́kọ́ wá kẹ́kọ̀ọ́?”

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Bàbá wa ọ̀run, a dúpẹ́ fún agbára àná, a dúpẹ́ fún èyí tó ṣẹ́ kù.

Olúwa, ẹni tó jí láàárọ̀ yìí tí ẹ̀yìn ń ro ó, tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ́ràn mọ́, gbé òkúta sábẹ́ rẹ̀. Má jẹ̀ẹ́ kí ìtìjú mú un kọ ìjókòó tí O pèsè.

Dárí jì wá, àwa tí a lé àgbà kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tí agbára wọn ṣì ká. Fi ẹni tí a máa lọ bẹ̀ lónìí hàn wá, kí O sì bá wa tu ọkàn rẹ̀ lójú.

Gbogbo òbí tó ń kọ́mọ níṣẹ́, kí ọwọ́ ọmọ mọ̀ ọ́n kí tiwọn tó rọ̀. Nígbà tí a bá dàgbà tán, a kò ní wá ọmú ọmọ tì.

Bàbá, rántí gbogbo ọwọ́ tó ń gbọ̀n lórí iṣẹ́ Rẹ láàárọ̀ yìí. Dì wọ́n mú. Ní orúkọ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.