Ìbéèrè Ló Ń Bí Iye: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Àkójọ Dátà Lẹ́nu Iṣẹ́ Ìjọba

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ètò àti ìṣirò, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbé tábúlẹ́ẹ̀tì dání láti ojúlé dé ojúlé. Ohun kan ṣoṣo ni mo gbé wá síwájú yín. Iye tí ìjọba ń kà lórí rédíò, ọjọ́ tí a kọ ìbéèrè rẹ̀ la ti bí i. Bí ìbéèrè bá ti wọ́, kò sí kọ̀ǹpútà tó lè mú kí iye náà gún.

Ẹ jẹ́ ká dúró lẹ́bàá títì kan n'Ìbàdàn, nítòsí Ọjà Ọba. Ìwádìí lórí iṣẹ́ àti owó tó ń wọlé la wà lẹ́nu rẹ̀, súpáfáísọ̀ ni mí nígbà náà. Ọmọkùnrin tí mo ń tọ́ sọ́nà dọ̀bálẹ̀ kí ìyá kan tó ń din àkàrà. Epo ń hó nínú agbada, ìyá ń fi ìgbákọ yí àkàrà padà, ọmọléèwé mẹ́ta dúró tì í pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́.

"Màmá, ǹjẹ́ ẹ ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ méje tó kọjá?"

"Rárá o, ọmọ mi. Mi ò níṣẹ́ lọ́wọ́. Àkàrà yìí náà la fi ń gbọ́ bùkátà."

Ọmọ náà tẹ "kò ṣiṣẹ́", ó ti fẹ́ bọ́ sí ìbéèrè tó kàn. Mo ní kó dáwọ́ dúró, kó sàmì sí ojúlé náà pé a ń padà bọ̀.

Ìyá yẹn ò purọ́. Láti ìdájí ló ti ń bó ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n létí tirẹ̀, iṣẹ́ ni èyí tí wọ́n ń fúnni níwèé lé lórí, tí owó rẹ̀ ń wọlé níparí oṣù. Òwò ni ó ń ṣe ní tirẹ̀, òwò yàtọ̀ síṣẹ́. Àgbẹ̀ á sọ pé oko lòun ń lọ. Télọ̀ tí kò tíì gbòmìnira á sọ pé ẹnu ẹ̀kọ́ṣẹ́ lòun wà. Ẹ wá ka gbogbo wọn pọ̀, ẹ rí ìlú tí ẹnì kankan kò ti ṣiṣẹ́, tí ọjà sì kún fọ́fọ́.

Ọ̀rọ̀ ohun tí à ń pè níṣẹ́ yìí kì í ṣe kékeré. Nínú ìlànà tí NBS, àjọ tó ń kó ìṣirò jọ fún ìjọba àpapọ̀, ń lò tẹ́lẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó wákàtí 20 lọ́sẹ̀ wà lára àwọn aláìníṣẹ́. Ẹni tó bá ṣe wákàtí 20 sí 39 ni wọ́n kà sí ẹni tíṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Ìlànà yìí ló gbé ìdá 33.3 nínú 100 jáde gẹ́gẹ́ bí iye aláìníṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta ìparí ọdún 2020. Nígbà tó di 2023, àjọ náà gba ìlànà ILO, àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé, pé wákàtí kan péré lọ́sẹ̀ ti tó láti ka èèyàn mọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Iye já wá sí 5.3 fún oṣù mẹ́ta ìparí 2022, ó tún wá sí 4.1 fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ 2023. Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé nílẹ̀ yìí mọ̀ pé iṣẹ́ ò rọ̀jò báyẹn láàárín ọdún méjì. Mi ò bá ẹnì kankan jà lórí ìlànà tuntun náà. Òun ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò. Ohun tó máa ń dùn mí ni kí n gbọ́ tí èèyàn to iye méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bíi pé òṣùwọ̀n kan náà la fi wọ̀n wọ́n, bóyá kó tiẹ̀ máa fi yin ìjọba tàbí kó fi bú u. Tí ẹ bá yí ìtumọ̀ padà, ẹ sọ ọ́ lókè ìwé, kì í ṣe ní ìsàlẹ̀ níbi tí lẹ́tà ti kéré.

Ibi tí mo ti rí i pé nǹkan ń wọ́ jù lọ́dọ̀ tiwa ni ìtumọ̀ sí Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kọ foọ́mù. Akànìyàn á dé ẹnu ọ̀nà, á máa tú u lójú ẹsẹ̀, bó ṣe bọ́ sí i lẹ́nu. Bí akànìyàn bá jẹ́ 20, ìbéèrè ti di 20, bẹ́ẹ̀ a sì ń kó gbogbo ìdáhùn wọn jọ bí ẹni pé ìbéèrè kan la bi wọ́n. Kí lẹ máa pe àwọn tí foọ́mù fẹ́ kà pa pọ̀? Ẹnìkan á ní ìdílé, ẹnìkan á ní ilé, ẹlòmíràn á ní agbo ilé. Ní Ọ̀yọ́ tàbí Ìṣẹ́yìn, agbo ilé kan lè ní 60 èèyàn nínú. Ohun tí oníṣirò ní lọ́kàn ni àwọn tí wọ́n ń gbé pọ̀, tí wọ́n sì ń jẹ nínú ìkòkò kan náà. Ìkòkò ni òṣùwọ̀n. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ bàálé kan wà tó ní ìyàwó mẹ́ta, oníkálukú pẹ̀lú àdògán tirẹ̀, bàbá sì ń jẹ lọ́dọ̀ wọn ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Ṣé ọ̀kan ni wọ́n ni, àbí mẹ́ta? Ọ̀dọ̀ ta la ó kọ bàbá sí? Tí ẹ ò bá ti dá ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé ìlànà kí ẹnikẹ́ni tó jáde ní ọ́fíìsì, akànìyàn kan á ka bàbá lẹ́ẹ̀mẹta, òmíràn ò ní kà á rárá.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Èèyàn méjì á tú ìbéèrè sí Yorùbá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹnì kẹta tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì á tú u padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti yapa, ẹ jókòó lé e lórí, kí ẹ pe ará Ìjẹ̀ṣà àti ará Àkókó mọ́ ọn, nítorí Yorùbá inú ìwé lè ṣàjèjì sí ìyá arúgbó ní Ọ̀kà. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ gbé e lọ sí ojúlé 30 tí kò sí lára ibi tí ẹ máa ṣiṣẹ́, kí ẹ dán an wò. Ẹ má tíì wo ìdáhùn. Ojú ẹni tí ẹ ń bi ni kí ẹ máa wò. Tó bá ní "kí lẹ wí?" lẹ́ẹ̀mejì, ìbéèrè yẹn ni kò dáa.

Ọjọ́ orí tún ńkọ́? Ẹ bi àgbà kan pé ọmọ ọdún mélòó ni, á ní òun ti lé díẹ̀ ní 70. Nínú ìkànìyàn ilẹ̀ wa, ẹni tó pe ara rẹ̀ ní ọmọ 40 máa ń pọ̀ fíìfíì ju ọmọ 39 àti ọmọ 41 lọ. Òṣùwọ̀n kan wà tí wọ́n ń pè ní ti Whipple, tó ń wo àwọn tí wọ́n wà láàárín ọdún 23 sí 62: tí ọjọ́ orí kò bá gbá jọ sórí 0 àti 5, á fi 100 hàn, tó bá jẹ́ pé gbogbo wọn ló parí sí 0 tàbí 5, á di 500. Kò sí bí ẹ ṣe lè tún un ṣe ní ọ́fíìsì láìfi dátà ṣeré. Ẹnu ọ̀nà lẹ ti máa tún un ṣe, pẹ̀lú kàlẹ́ńdà ìṣẹ̀lẹ̀ tí ẹ ti kọ sílẹ̀ fún àgbègbè yẹn. "Ìyá, nígbà tí Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ṣé ẹ ti ń gbé omi fúnra yín?" Oṣù kìíní 1955 nìyẹn. "Nígbà tí ọkọ̀ kúrò lápá òsì bọ́ sápá ọ̀tún, ṣé ẹ ti wà nílé ọkọ?" Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 ni. "Nígbà tí a pa pọ́n-ùn tì tí náírà dé, àkọ́bí yín ti ń rìn bí?" Oṣù kìíní 1973. Mo ti rí ìyá kan tó ní òun jẹ́ ẹni 90, tí ìbéèrè mẹ́rin irú èyí mú wá sí 76. Inú rẹ̀ dùn púpọ̀, ó ní òun ṣì kéré.

Àwọn tó ń ṣe ìwádìí lórí oúnjẹ àti owó ọjà mọ wàhálà kóńgò dáadáa. Kóńgò gàrí kan kò wúwo tó kóńgò ìrẹsì kan, bẹ́ẹ̀ ni kóńgò tí wọ́n fi òòlù lù ní ìdí kì í gba ohun tí kóńgò gidi ń gbà. Ní òkè ọya, múdù ni wọ́n ń pè é. Tí foọ́mù yín bá kàn ní "kílò mélòó lẹ jẹ?", èsì tí ẹ máa gbà kò ní jẹ́ òótọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé òṣùwọ̀n lọ sọ́jà ṣáájú, ẹ wọn kóńgò ọjà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ jẹ́ kí àwọn èèyàn fi kóńgò dá yín lóhùn.

Lórí yíyan ilé tí ẹ máa dé, ẹ wo bí ìyá tó mọjà ṣe ń ra gàrí. Kì í bu ti òkè àpò tọ́ wò, torí èyí tó funfun jù ni wọ́n máa ń kó sókè. Á ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, á ki í bọ ẹ̀gbẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kí iṣẹ́ yín rí: ẹ kọ́kọ́ kọ gbogbo ojúlé àdúgbò sílẹ̀, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ògiri, kí nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni ò lè fọwọ́ yí sì yan fún yín. Ilé tí ẹ bá yàn tí ẹ bá a ní títì, ẹ padà lọ lálẹ́, ẹ padà lọ lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ má yà sílé kejì nítorí pé wọ́n fún yín lómi tútù níbẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ dalẹ́ àti ọlọ́rọ̀ tó lájá lẹ́nu géètì ni irú ìyàsílé-kejì bẹ́ẹ̀ ń yọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ máàpù sì wà níbẹ̀: ìkànìyàn tó kẹ́yìn tí a parí nílẹ̀ yìí ni ti 2006, èyí tí ìjọba ṣètò sí ọjọ́ kẹta sí ọjọ́ keje oṣù karùn-ún 2023 ni wọ́n sún síwájú. Àdúgbò tó jẹ́ igbó nígbà yẹn, ìlú ni báyìí. Bí ẹ bá gbára lé máàpù àtijọ́ láì kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn ín, gbogbo àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé kò ní sí nínú ìwádìí yín.

Ìgbà tí ẹ máa jáde pẹ̀lú ń dá iye. Ìkànìyàn 1991 bọ́ sí ìparí oṣù kọkànlá, ti 2006 bọ́ sí oṣù kẹta, ibi tí wọ́n bá èèyàn sí ni wọ́n sì ti ń kà á. Ní oṣù kọkànlá, baba oníkòkó tó nílé n'Ìbàdàn, abà ni yóò wà. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ìwádìí ojúlé tí NBS pẹ̀lú Báǹkì Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní 2010, tí wọ́n ń lọ bá nǹkan bí ojúlé 5,000 kan náà lẹ́yìn ìgbà ọ̀gbìn, tí wọ́n tún ń padà lọ lẹ́yìn ìkórè. Oúnjẹ inú ilé ní ìgbà méjèèjì kò dọ́gba rí.

Ẹ má gbàgbé pé ẹni tí ẹ ń bi ní ìdí tó fi lè má fẹ́ dáhùn. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, àwọn baba wa sọ ọ́, ìyá tó sì ti sin ọmọ rí kò ní fi ẹnu ara rẹ̀ ka èyí tó kù. Ẹ má bi í pé "ọmọ mélòó lẹ ní?" Ẹ ní kó máa dá orúkọ àwọn tó sùn nínú ilé lánàá fún yín, kí ẹ fúnra yín kà á lórí tábúlẹ́ẹ̀tì. Ìrántí owó orí ayé òyìnbó ṣì wà lára àwọn mìíràn. Àwọn òṣèlú ní tiwọn mọ̀ pé iye ló ń pín owó àti ìjókòó ilé aṣòfin: wọ́n fagi lé ìkànìyàn 1962, ti 1963 tó gbé mílíọ̀nù 55.67 jáde di ìjà, ti 1973 náà ni wọ́n tún wọ́gi lé. Ní 2006, ìjọba àpapọ̀ ka 9,013,534 fún Èkó, ìpínlẹ̀ Èkó fúnra rẹ̀ ka 17,552,942. Ọmọ aráàlú tó rí irú èyí, kí ló fẹ́ fi gbà yín gbọ́? Ẹ sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà, ní Yorùbá tó dán mọ́rán, pé òfin ìṣirò ti 2007 àti òfin ààbò dátà ti 2023 kò fàyè gba kí ẹ gbé orúkọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà kí ẹ má gbé e. Mo mọ ọ́fíìsì kan tí wọ́n fi foọ́mù tí a ti kọ tán di ẹ̀pà. Orúkọ èèyàn wà lára rẹ̀, ojú tì mí kọjá sísọ.

A padà sọ́dọ̀ ìyá alákàrà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. A ti tún ìbéèrè kọ. Ọmọkùnrin náà ní, "Màmá, ní ọjọ́ méje tó kọjá, ǹjẹ́ ẹ ṣe ohunkóhun tó mú owó wọlé, ìbáà jẹ́ òwò, oko tàbí iṣẹ́ ọwọ́, kódà fún wákàtí kan?" Ìyá wò ó lójú, ó ní ṣé kò rí òun lánàá ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ka á fún un: láti ìgbà tó bá ti ń bó ẹ̀wà títí yóò fi kó agbada nílẹ̀, wákàtí méje lóòjọ́. Ọjọ́ mẹ́fà ni, nítorí kì í din àkàrà lọ́jọ́ Àìkú. Ọmọ náà pa "kò ṣiṣẹ́" rẹ́, ó tẹ 42.