Ẹ Yé Fi W19 Ṣe Ibi Ìsinmi: Kóòdù fún Ẹni Tó Ṣubú

Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń da ìbéèrè bò mí lórí ìṣubú, ó ti tó àkókò.

ICD-10-CM la ṣí yìí, ìwé kóòdù àìsàn àti ìpalára, èyí tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà láti October 1, 2015. Ẹ wo àkọsílẹ̀ dókítà: “Ó ṣubú, ọwọ́ ọ̀tún ń dùn ún.” Ó tán! Láti orí kí ló ti ṣubú? Kò sọ. Irú èyí ló máa ń bí W19, ìyẹn ìṣubú tí a kò mọ irú rẹ̀. Mo kórìíra W19! Ẹ má tíì fọwọ́ kàn án. Ẹ ka ìwé nọ́ọ̀sì ná. Ẹ wò ó: orí àkàbà ló wà ní kíṣìnì rẹ̀, tó ń pààrọ̀ gílóòbù, kó tó já bọ́. Ṣé ẹ rí i? Ìwé nọ́ọ̀sì ni owó wà.

Ó yá. Eegun tó kán la ó kọ́kọ́ kọ. Kóòdù ìṣubú kì í ṣáájú láé. Eegun apá ọ̀tún kán nítòsí ọrùn-ọwọ́, irú tí wọ́n ń pè ní Colles, awọ kò sì ya: S52.531A. Àkàbà tẹ̀ lé e: W11.XXXA. X mẹ́ta yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ o! Ipò keje ni A, ìyẹn àmì pé ìtọ́jú gan-an ń lọ lọ́wọ́, gbọ́dọ̀ jókòó sí, X ló ń di àyè mú fún un. Ẹ kọ W11A, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe máa dá a padà. Kíṣìnì ilé àdáni: Y92.010, ẹ̀ẹ̀kan péré la máa ń kọ ọ́, nígbà ìtọ́jú àkọ́kọ́. Y93 wà fún ohun tó ń ṣe, ẹ wá a fúnra yín.

Ẹnì kan bá mi jà pé ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ni A wà fún. Rárá o, ọ̀gá mi. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lọ́sẹ̀ kejì, A náà ni, torí ìtọ́jú gan-an ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ìgbà tó bá wá tú sìmẹ́ǹtì ọwọ́ ni D, àmì ìtọ́jú ìtẹ̀lé nígbà tí eegun ti ń jinná.

Èyí tó jẹ mí níyà rí rèé: ìyá àgbà kan yọ̀ ṣubú díẹ̀, eegun itan kán, mo sáré kọ S72, kóòdù eegun itan tí ìpalára dá. Osteoporosis, àrùn tó ń sọ eegun di ẹlẹgẹ́, sì wà nínú ìwé! Bí ìṣubú náà kò bá tó ohun tó lè dá eegun tó le, M80 ni, kóòdù eegun tó kán nítorí osteoporosis. Ẹ má dá a pinnu o, dókítà ni kó sọ ọ́.

Bí ìwé nọ́ọ̀sì náà kò bá sọ nǹkan kan ńkọ́? Ohun tí mo máa ń kọ sí dókítà nìyí, ẹ yà á sílẹ̀: “Ẹ jọ̀ọ́, láti orí kí ló ti ṣubú? Ṣé ó fi ara gbá nǹkan? Níbo ni? Kí ló ń ṣe?” Ẹ má fi ìdáhùn há a lẹ́nu. Bí òun náà bá ní òun kò mọ̀, ó dáa, ẹ kọ W19 yín.