Ta Ló Ṣe Èrú fún Käärijä?

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi! Ìsánlú ni mo wà.

Eurovision 2023, ìdíje orin tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù máa ń ṣe lọ́dọọdún. Ẹ wo iye máàkì tí wọ́n gbà. Loreen ti Sweden: 340 lọ́wọ́ adájọ́, 243 lọ́wọ́ ará ilé, ìyẹn àwọn tó ń wò ó nílé tí wọ́n sì ń dìbò. Käärijä ti Finland: 150 péré lọ́wọ́ adájọ́, 376 lọ́wọ́ ará ilé! 583 sí 526, Loreen borí. Ariwo sì ta: "Èrú ni!"

Ẹ dúró ná. Ibí yìí gan-an lẹ máa ń ṣì í. Ẹ rò pé wọ́n ń kó ìbò gbogbo ayé sójú kan kà. RÁRÁ O! Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń to àwọn orin lọ́tọ̀, adájọ́ wọn a to tiwọn, ará ilé wọn a to tiwọn: àkọ́kọ́ gba 12, ìkejì 10, ìkẹta 8, títí dé 1 fún ìkẹwàá. Malta kékeré, Jámánì ńlá, 12 kan náà ni! Ẹ ṣáà mọ ìpàdé ẹbí: ojúlé ọlọ́mọ ogún àti ojúlé ọlọ́mọ méjì, ẹnu kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní.

Ó kù díẹ̀. Adájọ́ márùn-ún ni orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní lọ́dún yẹn, dandan sì ni kí wọ́n to gbogbo orin, látorí èyí tó dùn jù dé èyí tí wọn ò lè fetí gbọ́. Orin tó bá dùn mọ́ ẹnì kan, tó sì ń bí ẹlòmíì nínú, ó lè pàdánù máàkì! Ṣùgbọ́n ìwọ tó o wà nílé ńkọ́? Èyí tó o fẹ́ nìkan lo máa dìbò fún. KÒ SÍ BỌ́TÌNÌ "MI Ò FẸ́"! Mo tún un sọ: KÒ SÍ!

Wọ́n ṣe é fún àwa náà rí níbi ìdíje ẹgbẹ́ akọrin. Àwọn ìyá dìde, wọ́n ń jó, wọ́n ń nawó. Adájọ́ kàn ń kọ̀wé: "Tẹ́nọ̀ wọn já." Ipò kẹrin! Tẹ́nọ̀ lèmi ń kọ o, mi ò tíì gbà títí dòní.

Ti Eurovision tún wá yàtọ̀: ìgbáradì alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni adájọ́ ń gba máàkì lé. Ohun tí ìwọ wò kọ́ ni wọ́n wò!

Ẹ wá wo 2016. Australia ló léwájú lọ́dọ̀ adájọ́, Rọ́ṣíà lọ́dọ̀ ará ilé. Jamala ti Ukraine ṣe ìkejì níbí, ó ṣe ìkejì lọ́hùn-ún. Òun ló borí: àròpọ̀ máàkì rẹ̀ jẹ́ 534.