Ohun Tó Jẹ́ Kí Spore Bakitéríà La Iná Kọjá
Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tó ń se oúnjẹ tà, ní Òṣogbo

Ẹ̀yin ìyá wa tó ń ta irú ní Ọjà Ọba, ọ̀dọ̀ yín ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó se wóró igbá títí, ẹ ó bó o, ẹ ó tún un sè, ẹ ó dà á sínú apẹ̀rẹ̀ kó tó tutù, ẹ ó fi ewé àti àpò bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ ò bu ohunkóhun sí i, síbẹ̀ nígbà tó bá fi di ọjọ́ kẹta, ó ti ń yọ̀, òórùn rẹ̀ ti gba gbogbo ilé. Bakitéríà kan tí wọ́n ń pè ní Bacillus subtilis ló ṣe iṣẹ́ yẹn. Spore rẹ̀, ìyẹn ìrísí líle tó máa ń dà nígbà ìnira, tó ń dúró bí ẹni tó sùn, ló fi ń la irú ooru bẹ́ẹ̀ kọjá.

Kí ló wà nínú spore yìí? Bí oúnjẹ bá tán láyìíká bakitéríà yìí, á pín ara rẹ̀ sí méjì tí kò dọ́gba, èyí tó tóbi á sì gbé kékeré mì. Èyí tó tóbi là ń pè ní ìyá, kékeré ni ọmọ tó máa di spore. Òun ló ń ṣe ásíìdì kan, dipicolinic acid, tó ń tì í sínú ọmọ, kálísíọ̀mù náà ń wọlé tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ṣe ń wọlé ni omi ń jáde. Nínú bakitéríà lásán, omi tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú àárín spore, ó lè má ju 25 sí 50 lọ. Ásíìdì yẹn nìkan sì máa ń tó ìdá 5 sí 15 nínú ìwọ̀n spore tí a ti gbẹ. Powell, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, ló rí i nínú spore ní 1953.

Ọ̀gbẹlẹ̀ inú yìí gan-an ni agbára rẹ̀. Ooru ń pa nǹkan ẹlẹ́mìí nítorí pé ó ń tú purotéènì wọn. Níbi tí omi ò bá tó, purotéènì kì í ráyè tú bọ̀rọ̀. Àwọn purotéènì kéékèèké kan tún wé mọ́ DNA, ìyẹn ohun àjogúnbá inú rẹ̀, wọ́n ń dáàbò bò ó. Èèpo nípọn yí gbogbo rẹ̀ ká, ìyá á sì bẹ́, ọmọ á bọ́ síta.

Jíjí rẹ̀ kì í pẹ́ ní tirẹ̀. Bí ásíìdì amínò (èròjà tó ń para pọ̀ di purotéènì) bíi alanine bá kàn án, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ kálísíọ̀mù àti dipicolinic acid á tú jáde, omi á wọlé, ẹ́ńsáìmù, ìyẹn purotéènì tó ń gé nǹkan, á gé èèpo inú. Ó wá fọ́ àwọn purotéènì tó wé mọ́ DNA, ó fi wọ́n ṣe oúnjẹ: kò tíì rí nǹkan jẹ níta, ó ti ń jẹ ohun tó ti dì pamọ́ sínú ara rẹ̀. Àmọ́ ìgbà yìí náà ni agbára àtila-iná ti bọ́ lára rẹ̀. Ohun tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Tyndall, lò ní 1877 nìyẹn: ó se omi oúnjẹ, ó fi í sílẹ̀ kí spore jí, ó tún un sè.

Ẹ̀yin tó ń se ìrẹsì òde àríyá, tiyín rèé, ó sì ń ká mi lára. Bakitéríà mìíràn, Bacillus cereus, ń la sísè kọjá bákan náà. Bí ìrẹsì bá sùn nínú kúlà ní lílọ́wọ́ọ́wọ́, spore á jí, á bí sí i, á tú májèlé tó ń mú èèyàn bì sínú rẹ̀. Gbígbé e kaná lọ́jọ́ kejì á pa bakitéríà, ṣùgbọ́n májèlé yẹn ò ní kú. Bí ẹ ò bá lè mú un gbóná janjan títí ẹ ó fi bù ú tán, ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí tíréè kó tètè tutù, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì kí wákàtí méjì tó pé.